Bàálù méje péré ni Lanoe Hawker já: kí ló wá sọ ọ́ di akọni?

Ìbéèrè

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfurufú Ogun Àgbáyé Kìíní bá jẹyọ níbí, ẹ kì í pẹ́ dárúkọ Mẹ́jọ̀ Lanoe Hawker, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó sì máa ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé kò tún sí irú rẹ̀ mọ́. Mo wá lọ wo àkọsílẹ̀. Bàálù ọ̀tá 7 péré ni wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀. James McCudden já 57, Albert Ball tó kú ní ọmọ ogún ọdún já 44, Richthofen ti ilẹ̀ Jámánì já 80, Hawker fúnra rẹ̀ sì wà lára 80 náà. Òun kan náà ló kọ àṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọlu ohun gbogbo tí wọ́n bá rí. Àwọn àgbà ní akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Ṣé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi oríkì dá mi lóhùn; ohun tí ọkùnrin náà ṣe ni kí ẹ sọ.

* * *

Èsì kìíní

Ẹ jẹ́ ká ti orí iye náà bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ti dá yín lóhùn ṣáájú mi ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní iye kò já mọ́ nǹkan kan, pé ìgboyà nìkan la ó wò. Àwọn mìíràn ní méje kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ kọ ìwé. Èmi kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Iye já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ó yẹ ká bèèrè ọdún tí wọ́n kà á. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915 ni Hawker já méje rẹ̀, nígbà tí ojú òfurufú ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán bàálù nígbà náà ni pé kí ó lọ wo ibi tí ọ̀tá gbẹ́ yàrà sí, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì máa júwe fún àwọn oníbọn ńlá ibi tí ọta wọn ń balẹ̀ sí. Awakọ̀ lè fò fún ọjọ́ púpọ̀ láì rí bàálù ọ̀tá kan tó súnmọ́ ọn tó èyí tí ó lè yìnbọn sí. Nígbà tí McCudden ń já tirẹ̀ léraléra ní ìparí 1917 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1918, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni bàálù ọ̀tá ń wá, ìbọn arọ̀jò-ọta méjì ló sì wà lórí bàálù tirẹ̀. Ní 1915, kò tíì sí Gẹ̀ẹ́sì kankan tó já tó márùn-ún rí kí Hawker tó ṣe é.

Ẹ wo ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún náà, ọjọ́ tó fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbéra ní òun nìkan nínú bàálù Bristol Scout tí kò gbà ju ènìyàn kan lọ, ó sì kọlu bàálù Jámánì mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan ní agbègbè Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ìwé ìjọba tó kéde àmì ẹ̀yẹ náà kò bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ rárá. Ó ní èyí àkọ́kọ́ rí ọ̀nà sá lọ nígbẹ̀yìn, èkejì balẹ̀ tipátipá pẹ̀lú ìpalára, ẹ̀kẹta tí Hawker bá ní gíga bíi ẹsẹ̀ bàtà 10,000 já sí apá ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ rẹ̀ àti òǹwòye tó gbé sì kú. Ènìyàn méjì-méjì ló wà nínú bàálù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbọn arọ̀jò-ọta sì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá wá fẹ́ fi òṣùwọ̀n líle wọn méje Hawker, kí ẹ yọ gbogbo èyí tó kàn balẹ̀ tipátipá tàbí tó sá wálẹ̀ kúrò, ẹ ó rí i pé iye náà yóò tún dín sí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n kan náà wọn Ball, nítorí irú kíkà kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò fún òun náà.

Ènìyàn méjì ló ti gba Victoria Cross fún iṣẹ́ òfurufú ṣáájú rẹ̀ nínú ọdún yẹn: Rhodes-Moorhouse tó ju bọ́ǹbù sí Courtrai, àti Warneford tó dáná sun Zeppelin kan, ọkọ̀ òfurufú Jámánì tó dà bí bàlúùnù gígùn, lójú òfurufú. Hawker ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á nítorí pé bàálù bá bàálù jà. Ohun tí méje rẹ̀ túmọ̀ sí ni pé ó ń ṣe iṣẹ́ kan kí iṣẹ́ náà tó ní orúkọ.

* * *

Èsì kejì

Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ èsì mi pé ìbọn ọlọ́ta kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ń gbé, ni Hawker fi já bàálù mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn. Ìtàn náà ti pẹ́, ó sì dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ìbọn Lewis, irú ìbọn arọ̀jò-ọta kan, ló wà lára bàálù náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà so ó mọ́ ọn ló sì yẹ ká jíròrò.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ní imú bàálù. Bí awakọ̀ bá yìnbọn gba iwájú, ọta ara rẹ̀ ni yóò gé abẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn Jámánì máa tó gbé bàálù Fokker jáde, èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń dá ìbọn dúró nígbàkigbà tí abẹ̀bẹ̀ bá kọjá níwájú ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀ nígbà náà. Hawker, tó jẹ́ pé ẹ̀ka àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ ológun, Royal Engineers, ló ti wá, jókòó ti mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Ernest Elton. Àwọn méjèèjì so ìbọn náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì bàálù, wọ́n sì yí ẹnu rẹ̀ síta díẹ̀ kí ọta lè gba ẹ̀gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ kọjá. Ẹ rò ó wò o: imú bàálù dojú kọ ibì kan, ọta ń lọ sí ibòmíràn, ẹni tí ẹ ń yìnbọn sí kò sì dúró sójú kan. Awakọ̀ ní láti máa fò ní ìhà kan kí ó máa fi ojú inú wọn ìhà kejì, pẹ̀lú ọta 47 péré nínú agolo ìbọn, èyí tí ó ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ bó bá tán. Ohun tí wọ́n fi já bàálù náà nìyẹn, ó sì yà mí lẹ́nu ju ìtàn ìbọn ọlọ́ta kan lọ.

Elton fúnra rẹ̀ di awakọ̀ kí ogun tó parí, ó sì já ju iye ọ̀gá rẹ̀ lọ.

* * *

Èsì kẹta

Sí ẹ̀gbọ́n tó sọ pé ọmọ olówó ni wọ́n ń gbé oyè fún lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà: ìdílé ológun ni Hawker ti wá lóòótọ́, wọ́n bí i ní Longparish ní ìpínlẹ̀ Hampshire ní ìparí ọdún 1890, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi ní Dartmouth ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le tó, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Woolwich, ó di ọ̀gá nínú Royal Engineers, ó gba ìwé ẹ̀rí ìwakọ̀ òfurufú ní Hendon ní oṣù Kẹta ọdún 1913, ó sì dé ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1914 pẹ̀lú Ikọ̀ 6 ti Royal Flying Corps, ẹ̀ka òfurufú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, nítorí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ RAF nígbà náà.

Kí ó tó já bàálù kankan ló ti gba DSO, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá ológun. Ní oṣù Kẹrin 1915, ó lọ ju bọ́ǹbù sí ilé tí àwọn Jámánì ń kó ọkọ̀ Zeppelin sí ní Gontrode, nítòsí Ghent. Àwọn tó ṣọ́ ibẹ̀ so bàlúùnù ńlá kan mọ́ ilẹ̀, ìbọn sì wà nínú rẹ̀. Hawker yí bàálù rẹ̀ po wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàlúùnù náà gan-an, tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà nílẹ̀ kò lè yìnbọn sí i láì ba tiwọn jẹ́, ó sì wálẹ̀ dé ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 200 kí ó tó ju bọ́ǹbù tó gbé. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà ogun Ypres kejì, ọta láti ilẹ̀ bá a lẹ́sẹ̀. Kò gbà láti lọ sinmi títí tí ìjà náà fi rọlẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń gbé e lọ sínú bàálù tí wọ́n sì ń gbé e jáde bó bá ti dé.

Bí ìdílé ló gbé e dé Dartmouth, kì í ṣe ìdílé ló gbé e dé Gontrode.

* * *

Èsì kẹrin

Mo padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí gbogbo wa ti ń sọ̀rọ̀ nípa 1915, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó mú kí n máa jà fún orúkọ ọkùnrin yìí kò sí nínú 1915 rárá.

Ní ìparí ọdún náà, wọ́n dá a padà sílé, wọ́n sì fi í jẹ olórí Ikọ̀ 24 tí wọ́n ń kó jọ ní Hounslow. Ikọ̀ yìí ni àkọ́kọ́ nínú Royal Flying Corps tó jẹ́ pé bàálù ajagun ẹlẹ́nìkan nìkan ló ní. Bàálù tí wọ́n fún wọn ni DH.2, tí ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, kí iwájú lè ṣófo fún ìbọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹra fún ìṣòro abẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 1916, wọ́n kó o lọ sí Bertangles, ní àríwá Amiens ní ilẹ̀ Faransé.

Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù bàálù tiwọn ju ti ọ̀tá lọ. DH.2 yára dáhùn sí ọwọ́ awakọ̀ jù, bí awakọ̀ bá ṣe àṣìṣe díẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó bọ̀ wá sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan kú bẹ́ẹ̀, iná sì ń sọ nígbà mìíràn bó bá ti balẹ̀, wọ́n wá ń fi orúkọ ìnagijẹ pè é bí ẹni pé ààrò ìjónà tó ń yí bírí ni. Fún ẹni tí kò bá mọ̀: bí imú bàálù bá ga jù tí eré rẹ̀ sì dín kù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé apá rẹ̀ dúró mọ́, bí apá kan bá wá tètè jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ju èkejì lọ, yíyí bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ara awakọ̀ ni yóò máa sọ fún un pé kí ó fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra kí imú lè gòkè, bẹ́ẹ̀ fífà náà gan-an ni kò ní jẹ́ kí yíyí dáwọ́ dúró. Ohun tó yẹ ni pé kí ó ti ọ̀pá síwájú, kí ó fi ẹsẹ̀ darí ìrù sí òdìkejì ibi tí bàálù ń yí sí, kí ó mú sùúrù títí eré yóò fi padà, kí ó tó wá rọra gbé imú sókè. Títi ọ̀pá síwájú nígbà tí ilẹ̀ ń rọ́ bọ̀ wá pàdé ènìyàn kì í ṣe ohun tí ẹnu lásán lè fi kọ́ ni.

Hawker kò pe ìpàdé lé e lórí. Ó gbé DH.2 kan lọ sókè lójú gbogbo àwọn awakọ̀ rẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó yí ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń bẹ̀rù, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú yíyí náà ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó balẹ̀, ó ṣàlàyé lẹ́sẹẹsẹ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun ń ṣe. Láti ìgbà náà ni DH.2 ti di ohun tí wọ́n lè gbọ́kàn lé.

Òǹkàwé kan tó ń kọ́ ìwakọ̀ òfurufú lọ́wọ́ ní èyí kò ju ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń fi han akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó di ẹ̀kọ́ lónìí. Ẹ bá mi wo ẹni tó kọ́ ọ láì sí olùkọ́, láì sí páráṣúùtì, nítorí wọn kò fún awakọ̀ bàálù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní páráṣúùtì nínú ogun yẹn.

Ìbọn náà tún wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá lókè fẹ́ kí ìbọn DH.2 máa ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì, kí awakọ̀ máa fi ọwọ́ kan wa bàálù, kí ó sì máa fi èkejì fi ìbọn wá ọ̀tá. Hawker mọ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́; ó ní kí ìbọn dúró gbọingbọin, kí awakọ̀ fi gbogbo bàálù wọn ọ̀tá. Nígbà tí wọn kò gbà, ó ṣe ohun ìdè kékeré kan tó ń di ìbọn mú, tó fi jẹ́ pé lórí ìwé, ìbọn náà ṣì ṣeé yí. Inú mi máa ń dùn sí irú ìgbọràn bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe òrùka ìwòta tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti yìnbọn síwájú ọ̀tá tó ń sáré, ó lọ́wọ́ nínú agolo ọta ńlá tó gba 97 dípò 47, ó kan ara bàálù kan tó ń mì síwá sẹ́yìn nílẹ̀ kí àwọn awakọ̀ lè máa fi kọ́ ìbọn yínyìn, ó sì ṣe bàtà onírun gígùn tó dé itan nítorí òtútù òkè. Kò sí èyí tí a lè kọ sí abẹ́ bàálù tó já nínú gbogbo wọn. Láti ìgbà tó ti di olórí Ikọ̀ 24 títí ó fi kú, kò tún sí bàálù ọ̀tá kankan tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ rẹ̀.

* * *

Èsì karùn-ún

Àṣẹ náà wá ńkọ́? Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1916, Hawker lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní Bertangles pé kí wọ́n kọlu ohun gbogbo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ni ogun Somme bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ níbí ni pé ìwà òmùgọ̀ ni, pé Boelcke ti Jámánì kọ́ àwọn tirẹ̀ ní òfin tó ní làákàyè: ẹ gba òkè kí ẹ tó kọlù wọ́n, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, ẹ má yìnbọn àfi tí ẹ bá súnmọ́ wọn. Àwọn tó ń gbe Hawker ní tiwọn ń sọ pé Trenchard, ọ̀gá gbogbo wọn, ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àṣẹ òkè ni Hawker kàn tún sọ.

Èmi yóò fi ìgbà ya àríyànjiyàn yìí. Ní oṣù Kẹfà 1916, ohun tó wà níwájú Ikọ̀ 24 ni àwọn Fokker tó ti ń dẹ́rù bà wọ́n láti 1915, DH.2 sì ń borí wọn. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ fẹ́ jáde kúrò nínú yàrà lọ́jọ́ kejì. Bàálù Jámánì kan ṣoṣo tó bá wo ohun tí wọ́n ń ṣe, tó sì padà lọ ròyìn, lè fa ikú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn nílẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àṣẹ náà tọ́. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, Boelcke kó ikọ̀ tuntun rẹ̀, Jasta 2, jáde pẹ̀lú bàálù Albatros. Agbára ẹṣin 160 ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 100 ló wà nínú ti DH.2. Ìbọn arọ̀jò-ọta méjì ló ń yìn gba àárín abẹ̀bẹ̀, ẹyọ kan ni ti DH.2. Láti ọjọ́ náà lọ, àṣẹ oṣù Kẹfà ti di ohun tó yẹ kí wọ́n ká kúrò lára ògiri. Bí mo bá fẹ́ dá Hawker lẹ́bi, ibí ni màá ti dá a lẹ́bi: ẹni tó mọ ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí 60 agbára ẹṣin túmọ̀ sí.

* * *

Èsì kẹfà

Ẹ ní kí n sọ ti ọjọ́ ikú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òwe ẹni tó béèrè dá lé.

Ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1916, ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, DH.2 kan gbéra ní Bertangles pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kápútéènì Andrews ló ṣíwájú wọn. Hawker, olórí ikọ̀, ń tẹ̀ lé e bí awakọ̀ kékeré, Saundby sì wà pẹ̀lú wọn. Ní apá Bapaume, wọ́n rí bàálù Jámánì méjì nísàlẹ̀, Andrews sì lépa wọn. Lẹ́yìn náà ni Andrews rí ọ̀wọ́ bàálù Jámánì lókè wọn, ó sì ti fẹ́ jáwọ́ nínú ìlépa náà. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló sọ èyí tó kù: Hawker ló já kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń lépa lọ. Àwọn Albatros sọ̀kalẹ̀ lé wọn lórí. Andrews lé ọ̀kan kúrò lẹ́yìn Hawker, ọta sì ba ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ jẹ́, ó ní láti fi bàálù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wá ọ̀nà ilé. Saundby náà lé ọ̀kan lọ. Hawker ṣẹ́kù pẹ̀lú Albatros kan, ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì ni Manfred von Richthofen, ọmọ ọdún 24, tó ti já mẹ́wàá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara wọn po ní gíga bíi mítà 3,000, oníkálukú ń wá ẹ̀yìn èkejì. Richthofen ròyìn pé wọ́n yí nǹkan bí ogún ìgbà sí òsì, ọgbọ̀n ìgbà sí ọ̀tún. DH.2 lè yí ní àyè tó há ju Albatros lọ, ìdí nìyẹn tí Richthofen kò fi rí ìbọn yìn sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo yíyí ń jẹ gíga DH.2, Albatros sì lágbára láti máa gbé tirẹ̀ padà. Ẹ wá fi afẹ́fẹ́ sí i. Láti ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti sábà máa ń fẹ́ níbẹ̀, ó sì ń gbé àwọn méjèèjì lọ sẹ́yìn yàrà àwọn Jámánì. Ní gíga bíi mítà 1,000, Hawker juwọ́ sí Richthofen bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà, kò sí ju ọ̀nà méjì lọ fún un: kí ó balẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọ̀tá kí wọ́n mú un, tàbí kí ó dojú kọ afẹ́fẹ́, kí ó sì máa sá lọ sílé níwájú bàálù tó yára jù ú lọ.

Ó sá. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó pa òwe fetí sí. Ó mọ ìsá, ó sì fi ọgbọ́n sá a, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ní òkè ilẹ̀ tó fọ́ yángá. Richthofen ń yìnbọn tẹ̀ lé e títí ìbọn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ iṣẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó kọjá yàrà, ọta kan bá Hawker lẹ́yìn orí, bàálù rẹ̀ sì já sí ẹ̀bá oko Luisenhof, ní gúúsù Bapaume. Ohun tó pa á ni pé ó pẹ́ kí ó tó sá, ó sì pẹ́ nítorí pé ó ti kọ́kọ́ já kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Andrews.

Ọta tí Richthofen yìn tó 900. Ẹnì kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rín pé kò mọ ìbọn yìn. Ẹ fi ṣe ìyìn fún Hawker kàkà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó já ọgọ́rin bàálù mọ ìbọn yìn. Richthofen kò kẹ́gàn rẹ̀, òun ló pè é ní Boelcke àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé ìbọn Lewis rẹ̀ kọ́ sí òkè ilẹ̀kùn.

* * *

Èsì keje, ní ṣókí

Àǹtí tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè bóyá ohun kan kù tí òun lè lọ wò. Àwọn ọmọ ogun Jámánì sin ín sí ibi tó já sí, ṣùgbọ́n ogun tún gba orí ilẹ̀ náà kọjá, ibojì rẹ̀ sì sọnù; orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ sí ìrántí àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Arras. Victoria Cross rẹ̀ sọnù nígbà tí ìdílé rẹ̀ ń sá kúrò ní ilẹ̀ Faransé ní 1940. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1960 wà lọ́wọ́ RAF Museum ní Hendon, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Colindale. Ẹ bá mi bèèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n gbé e síta fún wíwò lọ́wọ́. Hounslow tí wọ́n ti kó Ikọ̀ 24 jọ kò sì jìnnà sí Heathrow níbi tí púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

* * *

Èsì kẹjọ

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun gba ti yíyí bí òkòtó àti ti ìbọn, ṣùgbọ́n pé òfin wà nígbà náà pé kí olórí ikọ̀ má ṣe kọjá yàrà, pé Hawker rú òfin, àti pé ẹni tó ní ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó lọ fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu nítorí bàálù méjì.

Àwọn mélòó kan ti fọwọ́ sí i. Èmi kò lè fọwọ́ sí i tán. Òfin náà wà, ó sì ní ìdí, nítorí ẹni tó lè kọ́ awakọ̀ ṣọ̀wọ́n ju awakọ̀ lọ. Àwọn Jámánì ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n jẹ́ kí Boelcke máa ṣíwájú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sójú ìjà, òun náà sì kú ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 1916, nígbà tí bàálù rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ kan forí gbárí, kò tó oṣù kan ṣáájú Hawker. Ó ti já 40, àwọn tó kọ́ sì ń bá iṣẹ́ lọ; ọ̀kan nínú wọn ló pa Hawker. Àwọn méjèèjì yìí ló yẹ ká máa fi wé ara wọn. Ball àti McCudden jẹ́ ọdẹ. Hawker àti Boelcke jẹ́ olùkọ́, a kì í sì í ka iṣẹ́ olùkọ́ bí a ṣe ń ka ti ọdẹ. Ẹ tún wo Saundby, ọmọ ikọ̀ Hawker tó bá a jáde lọ́jọ́ ikú rẹ̀, tó di igbákejì olórí àwọn bàálù ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

Ní ti fífò olórí ikọ̀, ẹni tó rán ọmọ ọdún 19 lọ pẹ̀lú àṣẹ pé kí ó kọlu ohun gbogbo nínú bàálù tí kò tó ti ọ̀tá mọ́, kò lè jókòó sídìí tábìlì ní Bertangles kí àṣẹ náà tún ní agbára. Bí ó bá fẹ́ dúró nílẹ̀, àfi kí ó pa àṣẹ náà dà. Kò pa á dà, ó sì fò. Mo gbà pé àṣìṣe wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú oṣù Kẹsàn-án ni mo rí i, kì í ṣe ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá.

Ẹni tí kò bá gbà, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi ohun mìíràn tí ó fẹ́ kí ikọ̀ DH.2 ṣe ní oṣù Kọkànlá náà, nígbà tí àwọn bàálù tó ń ya àwòrán ṣì ní láti kọjá yàrà, tí bàálù tuntun kò sì tíì dé láti ilé.